i7-7500U àbí i5-8250U? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí pírósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù méjì táwọn èèyàn máa ń ṣì mú

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá, ẹnu ti ń ro mí, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ẹ wá èyí tó kàn yín, kò pọn dandan kẹ́ ẹ ka gbogbo ẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni pírósẹ́sọ̀ ń ṣe gan-an?

Òun ló ń ṣe ìṣirò. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ tẹ lẹ́tà kan ni o, ẹ ṣí fídíò ni o, ìṣirò ló máa dà nínú lọ́hùn-ún, pírósẹ́sọ̀ ló sì máa ṣe é. RAM ni tábìlì tó ń kó iṣẹ́ lé, SSD tàbí hard disk ni àpótí tó ń kó ẹrù sí. Tí tábìlì bá kéré jù, tàbí tí àpótí bá ń pẹ́ kó tó ṣí, pírósẹ́sọ̀ tó yára jù lọ á kàn káwọ́ gbera máa wòran ni.

Àwọn méjì wo là ń fi wéra, kí ni ìyàtọ̀ wọn lórí ìwé?

Core i7-7500U àti Core i5-8250U, Intel ló ṣe méjèèjì. i7-7500U jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2016, ìran keje ni. Core 2 ló ní àti thread 4 (àlàyé core, thread àti cache ń bọ̀ nísàlẹ̀), ìpìlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 2.7 GHz, ìyẹn òṣùwọ̀n ìyára, turbo ẹ̀, ìyẹn ìyára tó lè fò dé fún ìgbà díẹ̀, lè gùn dé 3.5 GHz, cache ẹ̀ jẹ́ 4 MB. i5-8250U jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2017, ìran kẹjọ, ó ní core 4 àti thread 8, ìpìlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 1.6 GHz, turbo dé 3.4 GHz, cache jẹ́ 6 MB.

Wáàtì 15 ni wọ́n kọ sára méjèèjì, inú láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tó rọrùn gbé kiri ni wọ́n sì ń fi méjèèjì sí. Ohun tó ń da orí èèyàn rú nìyẹn. Ẹ máa rí láptọ́ọ̀pù àlòkù méjì tó jọra bí ìbejì, ara kan náà, kíbọ́ọ̀dù kan náà, sikirini kan náà, ọ̀kan ní core méjì, èkejì ní mẹ́rin, ẹni tó ń wò wọ́n á sì mú èyí tí wọ́n lẹ sítíkà i7 mọ́ láì bèèrè nǹkan míì.

Ṣebí i7 ni. Ṣé i7 ò ju i5 lọ ni?

Rárá o, ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. i3, i5, i7 yẹn, ipò ni láàárín ìran kan ṣoṣo, kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dúró sójú kan láti ọdún dé ọdún. Tẹ́ ẹ bá fi i7-7500U wé i5-7200U tí wọ́n jọ jẹ́ ìran keje, òótọ́ ni, i7 ló wà lókè. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbé e kọjá sí ìran míì, ipò yẹn ò dá nǹkan kan mọ́. Ọmọ tó gba ipò kìíní ní kíláàsì kejì, ẹ ò lè ní ó mọ̀wé ju ọmọ tó gba ipò kẹta ní kíláàsì karùn-ún torí pé kìíní ni tiẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fún ọdún púpọ̀, àwọn pírósẹ́sọ̀ Intel tó ní U nídìí, core méjì péré ni gbogbo wọn ń ní, i3 ni o, i5 ni o, i7 ni o. Nígbà tó di ìran kẹjọ lọ́dún 2017 ni wọ́n wá kó core mẹ́rin sínú i5 àti i7 tó jẹ́ U, láì fi kún wáàtì 15 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Intel fúnra wọn polówó ẹ̀ nígbà yẹn pé ó lè fi tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún yá ju ìran tó ṣáájú lọ. Mi ò kì í gba ìpolówó gbọ́ bọ̀rọ̀, àmọ́ nǹkan gidi wà nídìí èyí, torí core méjì tó di mẹ́rin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Báwo la ṣe ń ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn i5 tàbí i7?

Ẹ wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé àmì tó wà láàárín. 7500 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7, ìran keje nìyẹn. 8250 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8, ìran kẹjọ. Mẹ́ta tó kù ń sọ ipò ẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Láti ìran kẹwàá lọ, nọ́ńbà méjì ló ń dúró fún ìran, ìyẹn ni pé i5-1135G7 jẹ́ ìran kọkànlá, kì í ṣe ìran kìíní bí àwọn kan ṣe ń rò.

Lẹ́tà tó wà nídìí ṣe pàtàkì bíi nọ́ńbà yẹn, ó tiẹ̀ lè jù ú lọ nígbà míì. U ni ti iná kékeré, wáàtì 15. HQ àti H ni ti láptọ́ọ̀pù tó wúwo, wáàtì 45 ni ọ̀pọ̀ wọn. Y kéré ju U lọ, òun ni wọ́n ń fi sínú èyí tí ò ní fáànù rárá. Ẹni tó bá ń ta láptọ́ọ̀pù fún yín tó kàn ń sọ pé "Core i7 ni o", tí ò sọ nọ́ńbà, ẹ ní kó lọ wo ìyókù orúkọ wá, torí i7 lásán ò tíì sọ nǹkan kan.

Core àti thread, ṣé nǹkan kan náà ni?

Rárá. Core ni òṣìṣẹ́ gidi, tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́. Thread ni iye iṣẹ́ tó lè gbé síwájú ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àwọn pírósẹ́sọ̀ méjì yìí, core kọ̀ọ̀kan ń gbé thread méjì, ìyẹn nǹkan tí Intel ń pè ní Hyper-Threading. Tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá dúró de nǹkan láti inú RAM, core yẹn á mú èkejì kó tó di pé ohun tó ń retí dé, kó má baà jókòó lásán.

Àmọ́ thread méjì lórí core kan ò tó core méjì láéláé, èèyàn kan tó ń dá iṣẹ́ méjì mú ni, èèyàn kan ṣì ni. Torí náà ẹni tó bá ní i7-7500U tó ń sọ pé "tèmi náà fi 4 hàn", thread ló rí, core ẹ̀ ò ju méjì lọ. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

2.7 GHz ló wà lára i7, 1.6 GHz lára i5. Ṣé kì í ṣe i7 ló yára ni?

Nọ́ńbà yẹn ni ìpìlẹ̀, ìyẹn ìyára tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa dúró lé nígbà tí gbogbo core bá ń ṣiṣẹ́ agbára tó ń jẹ wáàtì 15. Core mẹ́rin tí wọ́n ń pín wáàtì 15, ó di dandan kí ìlérí tí wọ́n máa ṣe lórí ẹ̀ kéré sí ti core méjì tí wọ́n ń pín iye kan náà. Ìlérí tó kéré jù ni, kì í ṣe ìyára tẹ́ ẹ máa rí lójoojúmọ́.

Turbo lẹ máa ń rí lójoojúmọ́. Tí iṣẹ́ bá wá lójijì, bíi kẹ́ ẹ ṣí bùráúsà, pírósẹ́sọ̀ á fò sókè sí 3.4 tàbí 3.5 GHz, á parí ẹ̀, á sì padà sílẹ̀. Láàárín 3.4 sí 3.5, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò sí ojú tó lè rí i. Core inú ìran kẹjọ yìí náà ò sì yàtọ̀ sí ti ìran keje ní bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, orúkọ tó ń jẹ́ gan-an ni Kaby Lake Refresh, Kaby Lake ti ọdún tó ṣáájú ni wọ́n tún fọ̀. Ìyẹn jẹ́ kí ìfiwéra yìí rọrùn, torí GHz kan níbí, GHz kan lọ́hùn-ún ni. Tó bá jẹ́ Intel àti AMD, ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe pírósẹ́sọ̀, là ń fi wéra, tàbí ìran keje àti ìran kejìlá, ẹ ò lè ka GHz bẹ́ẹ̀ yẹn rárá.

Tí core bá ti di ìlọ́po méjì, ṣé iṣẹ́ náà máa yára ní ìlọ́po méjì?

Kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí iná tó ń wọlé ò di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní iṣẹ́ tó gùn ni, tí gbogbo core ń ṣe, i7-7500U lè gbé core ẹ̀ méjèèjì dúró ní nǹkan bíi 3.5 GHz, ìyẹn 7 lápapọ̀. Ká ní i5-8250U ní láti rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ wá sí 2.4 GHz lórí core mẹ́rin kó má baà kọjá wáàtì 15, ìyẹn 9.6 lápapọ̀. Ó ṣì fi dáadáa ju i7 lọ, ṣùgbọ́n kò pé ìlọ́po méjì.

Ẹ lè wá bèèrè pé báwo ni wáàtì kan náà ṣe ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìdí ẹ̀ ni pé kí GHz tó gòkè, fóltéèjì gbọ́dọ̀ gòkè pẹ̀lú ẹ̀, iná tí fóltéèjì yẹn ń jẹ sì ń pọ̀ ju bí GHz ṣe ń pọ̀ lọ, ńṣe ló ń fò. Bíi kéèyàn máa sáré gun òkè ni, ìṣísẹ̀ tó kẹ́yìn ló ń gba èémí jù. Core mẹ́rin tó ń rọra rìn ń ná iná lọ́nà tó mọ́gbọ́n dání ju méjì tó ń sáré àsápajúdé lọ.

Ohun míì ni pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé pín. Tí sọ́fítíwíà kan bá jẹ́ kí core kan ṣoṣo ṣe gbogbo ẹ̀, mẹ́ta tó kù ò ní í rí nǹkan ṣe.

Cache 6 MB ju 4 MB lọ, ṣé ìyẹn ṣe pàtàkì?

Díẹ̀. Cache ni àpò kékeré tó wà lára pírósẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀, tó ń kó ohun tó ń lò léraléra sí kó má baà máa lọ sí RAM ní gbogbo ìgbà. Tẹ́ ẹ bá wá pín in, i7 ní 2 MB fún core kan, i5 ní 1.5 MB. Tí core kan bá wá ń dá ṣiṣẹ́, gbogbo 6 MB yẹn ló lè lò. Ẹ má jẹ́ kí èyí gba oorun lójú yín.

Tó bá jẹ́ bùráúsà, Word, Excel àti ìmeèlì ni mo ń lò, ṣé máa mọ ìyàtọ̀?

Tó bá jẹ́ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá ṣí Word nìkan tẹ́ ẹ ń tẹ̀wé, méjèèjì ń fẹ̀yìn tì ni.

Àmọ́ ta ló ń ṣí nǹkan kan ṣoṣo láyé ìsinsìnyí? Táàbù ogún ti wà nílẹ̀, ìpè fídíò ń lọ, antivirus ń yẹ fáìlì wò, Windows ń wa update bọ̀ lábẹ́lẹ̀, ibi tí core mẹ́rin ti ń fi ara hàn nìyẹn. Lórí core méjì, ìpè fídíò nìkan lè gbé e dé ìdajì agbára ẹ̀, tí ohun míì bá wá dá sí i, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já, mouse á máa fà. Lórí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn ń ṣẹlẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò ní í dí yín lọ́wọ́ ni, kì í ṣe pé á máa fò.

Iṣẹ́ agbára ńkọ́, bíi gígé fídíò, kíkọ́ sọ́fítíwíà, virtual machine?

i5-8250U, láì jampata. Kí wọ́n sọ fídíò di fáìlì tó ṣeé gbé jáde, kí wọ́n compile kóòdù, ìyẹn kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí, kí wọ́n fún fáìlì ńlá pọ̀ sínú zip, gbogbo ẹ̀ ló ṣeé pín fún core púpọ̀. Virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi sọ́fítíwíà dá sínú kọ̀ǹpútà yín, wá burú jù fún i7-7500U, torí tẹ́ ẹ bá fún un ní core kan, ọ̀kan péré ló kù fún Windows tó gbé e dání.

Ìyàtọ̀ kan ni o, tí sọ́fítíwíà yín bá ń lo Quick Sync, ìyẹn apá tó wà nínú gíráfíìsì Intel tó ń ṣe fídíò fúnra ẹ̀, méjèèjì ní in, wọ́n sì jọra gan-an níbẹ̀. Ẹ wo setting sọ́fítíwíà náà kẹ́ ẹ tó sọ pé pírósẹ́sọ̀ ló ń fà yín sẹ́yìn.

Èwo ló dáa fún gẹ́ẹ̀mù?

Kò sí èyí tó dáa nínú wọn. HD Graphics 620 ló wà nínú i7, UHD Graphics 620 ló wà nínú i5, lẹ́tà U tí wọ́n fi kún un yẹn sì tóbi ju iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ gíráfíìsì kan náà ni, 1050 MHz ni òkè ti àkọ́kọ́, 1100 MHz ni ti èkejì. Gẹ́ẹ̀mù àtijọ́ àti èyí tó fúyẹ́ á lọ lórí méjèèjì, èyí tó wúwo ò ní lọ.

Ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́ ni RAM. Gíráfíìsì yìí ò ní RAM tiẹ̀, inú ti kọ̀ǹpútà ló ti ń jẹ, torí náà RAM méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, bíi 4 GB àti 4 GB, sàn fún un ju 8 GB ẹyọ kan lọ. Tí láptọ́ọ̀pù náà bá ní káàdì gíráfíìsì tó dá dúró, ọ̀rọ̀ dọ̀tọ̀, a jẹ́ pé káàdì yẹn lẹ máa kọ́kọ́ wò.

Wáàtì 15 ni méjèèjì, ṣé bátìrì wọn máa pẹ́ bákan náà?

Wáàtì 15 yẹn kì í ṣe iye tó ń jẹ ní gbogbo ìgbà, òṣùwọ̀n ooru tí fáànù àti irin ìtutù gbọ́dọ̀ lè kó kúrò ni. Tẹ́ ẹ bá ń kàwé lásán lórí sikirini, pírósẹ́sọ̀ méjèèjì ò ní jẹ ju díẹ̀ lọ, sikirini gan-an ló máa jẹ bátìrì jù wọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí ìyàtọ̀ láàárín láptọ́ọ̀pù méjì, ẹ kọ́kọ́ wo bí bátìrì ṣe tóbi tó àti bó ṣe gbó tó. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ọdún 2016 tí wọn ò tíì pààrọ̀ ẹ̀ rí, kì í ṣe pírósẹ́sọ̀ la máa bá wí.

Máàkì Cinebench àti Geekbench, èwo ni kí n gbà gbọ́?

Sọ́fítíwíà tó ń dán ìyára pírósẹ́sọ̀ wò ni wọ́n. Ẹ ka méjèèjì, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Máàkì méjì ni wọ́n ń gbé jáde: ti single-core, ìyẹn agbára core kan, àti ti multi-core, agbára gbogbo wọn lápapọ̀. Ní ti single-core, pírósẹ́sọ̀ méjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, nígbà míì i7 á fi díẹ̀ ṣáájú. Ní ti multi-core, i5 á fi í sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fi single-core nìkan han yín ní nǹkan tó fẹ́ tà.

Cinebench ń ya àwòrán kan, gbogbo core ló ń fi sí i láì sinmi, nítorí náà ó ń fi ooru hàn. Iṣẹ́ kéékèèké ni Geekbench ń ṣe, á máa sinmi díẹ̀ láàárín wọn, ooru ò ní ráyè gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí láptọ́ọ̀pù kan fi lè mú máàkì ńlá nínú Geekbench kó sì wá rọ nínú Cinebench tẹ́ ẹ bá ṣe é léraléra fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má sì fi máàkì Cinebench R15 wé ti R23, tàbí Geekbench 5 wé 6, òṣùwọ̀n wọn ò dọ́gba rárá, mo ti rí i táwọn èèyàn fi èyí jà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

i5-8250U ni tèmi, kí ló dé tí i7-7500U ọ̀rẹ́ mi ń yára jù ú?

Ìbéèrè yìí ló máa ń pọ̀ jù, pírósẹ́sọ̀ kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹlẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ wo disk. Tí ti ọ̀rẹ́ yín bá jẹ́ SSD tí tiyín jẹ́ hard disk tó ń yí, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀, core ogún ò lè gbà yín. Lẹ́yìn náà ẹ wo RAM. 4 GB ti kéré jù, tó bá kún, Windows á máa kó ẹrù lọ síbi disk, gbogbo nǹkan á sì dì.

Tí ìyẹn bá dáa, ó ku ooru. Méjèèjì lè gbóná dé 100°C kí wọ́n tó fi tipátipá rẹ ara wọn sílẹ̀. Core mẹ́rin máa ń tètè dé ibẹ̀, pàápàá nínú àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n ti kọ́ fún core méjì tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kàn pààrọ̀ pírósẹ́sọ̀ tí wọ́n fi irin ìtutù àtijọ́ sílẹ̀. Eruku inú fáànù àti thermal paste, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tó wà láàárín pírósẹ́sọ̀ àti irin ìtutù, tó ti gbẹ ló ń dá kún un. Ẹ ṣí i, ẹ gbá eruku, ẹ fi paste tuntun sí i, ìyàtọ̀ á yà yín lẹ́nu.

Èyí tó kù farasin díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù láyè láti ṣètò iye wáàtì tí pírósẹ́sọ̀ máa jẹ. Intel gbà kí wọ́n sọ i5-8250U kalẹ̀ sí wáàtì 10 tàbí kí wọ́n gbé e dé 25, i7-7500U náà lè wálẹ̀ sí 7.5, ó lè gòkè dé 25. Nítorí náà i5-8250U méjì lè má dọ́gba ara wọn rárá. Wọ́n tún máa ń jẹ́ kó kọjá ààlà fún ìgbà díẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 28 ni ọ̀pọ̀ ń lò, kó tó padà sí wáàtì tó jẹ́ tiẹ̀. Ẹ lo sọ́fítíwíà HWiNFO nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ẹ máa rí wáàtì, GHz àti ooru bí wọ́n ṣe ń lọ sókè sódò.

Windows 11 ńkọ́?

Ní tèmi, ìdí tó lágbára jù lọ láti mú i5-8250U nìyí, ó ju ọ̀rọ̀ core lọ. Microsoft fi ààlà sí ìran kẹjọ Intel. i5-8250U wà lórí ìwé àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí, i7-7500U ò sí níbẹ̀. Wọ́n yọ̀ǹda fún ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje, àmọ́ 7500U ò sí lára wọn. Yàtọ̀ sí pírósẹ́sọ̀, ẹ tún nílò TPM 2.0 àti Secure Boot, nǹkan ààbò méjì inú kọ̀ǹpútà, RAM 4 GB àti àyè 64 GB, ó kéré tán.

Windows 10 ti dé òpin àtìlẹ́yìn ẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Àwọn kan ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ìran keje, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí fún yín pé update á máa wọlé lọ síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ru ẹrù yín. Linux, ètò míì tó lè rọ́pò Windows, ò ní wàhálà lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ṣé mo lè yọ i7-7500U kúrò kí n fi i5-8250U sí i?

Ẹ ò lè ṣe é. Wọ́n ti fi òjé jó méjèèjì mọ́ búọ́ọ̀dù. Ẹ fi owó yẹn ra SSD.

Ṣé ibì kankan tiẹ̀ wà tí i7-7500U ti borí?

Ó wà, mi ò ní parọ́. Sọ́fítíwíà àtijọ́ tó ń lo core kan ṣoṣo á fi díẹ̀ yá lórí ẹ̀, àwọn sọ́fítíwíà ìṣirò owó kan ṣì rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpótí tí ìtutù ẹ̀ ò dáa, core méjì máa ń dúró sójú kan láì gbóná jù, fáànù ẹ̀ sì lè má pariwo tó ti èkejì. Tí láptọ́ọ̀pù i7 náà bá sì ní RAM 16 GB àti SSD, tí ti i5 ní 4 GB àti hard disk, tẹ́ ẹ ò sì ní í lè pààrọ̀ ẹ̀ torí wọ́n ti jó RAM mọ́ búọ́ọ̀dù, ẹ mú i7.

YouTube 4K ń fà lórí méjèèjì, kí ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ AV1, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kó lè kéré. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rọ tó ń ka VP9 àti HEVC, ọ̀nà míì bẹ́ẹ̀, fúnra ẹ̀, kò sí èyí tó ní ti AV1 nínú wọn, ìran kọkànlá ni Intel tó fi ìyẹn sínú láptọ́ọ̀pù. Tí YouTube bá fi AV1 ránṣẹ́, core ló máa fi agbára ṣe é. Mẹ́rin á gbìyànjú, méjì á máa mí hẹlẹ. Ẹ lè lọ sí setting YouTube kẹ́ ẹ ní kó fi AV1 mọ sórí fídíò kékeré, tàbí kẹ́ ẹ rẹ fídíò náà sílẹ̀ wá sí 1080p.

Ẹlòmíì ní kí n mú i7-8550U, i5-7300HQ tàbí Ryzen 5 2500U dípò. Ṣé wọ́n dáa jù?

i7-8550U jẹ́ ẹ̀gbọ́n i5-8250U, core 4 thread 8 náà ni, turbo ẹ̀ dé 4.0 GHz, cache 8 MB. Nínú láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, ooru ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ àǹfààní ẹ̀ tán. Tí owó méjèèjì bá sún mọ́ra ẹ mú un, tí kò bá sún mọ́ra ẹ fi í sílẹ̀.

i5-7300HQ jẹ́ core 4 gidi àmọ́ thread 4, wáàtì 45, inú láptọ́ọ̀pù tó nípọn ló máa ń wà, ó máa ń dúró lórí iṣẹ́ agbára láì rẹ̀ ẹ́. Ìran keje ni o, Windows 11 ò gbà á.

Ryzen 5 2500U ti AMD náà jẹ́ core 4 thread 8, gíráfíìsì Vega 8 inú ẹ̀ sì fi UHD 620 ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá jẹ́ torí gẹ́ẹ̀mù, òun ni máa mú. Ohun tọ́pọ̀ ò mọ̀ ni pé òun náà ò sí lórí ìwé Windows 11.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó?

Ẹ má wo sítíkà, sítíkà ṣeé yọ, ó sì ṣeé lẹ̀. Ẹ tan láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á jáde, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU. Orúkọ pírósẹ́sọ̀ á wà lókè, nísàlẹ̀ ẹ máa rí Cores àti Logical processors. 4 àti 8 lẹ fẹ́ rí. Tẹ́ ẹ bá rí 2 àti 4, i7-7500U nìyẹn tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á máa wí. Lórí Linux, ẹ tẹ lscpu.

Kẹ́ ẹ tún mọ̀ pé i3-8130U wà, ìran kẹjọ ni lóòótọ́, àmọ́ core méjì ló ní. Nọ́ńbà 8 níwájú nìkan ò tó.

Wọ́n ní Spectre àti Meltdown ti ba ìyára wọn jẹ́, ṣé òótọ́ ni?

Àléébù ààbò inú pírósẹ́sọ̀ ni wọ́n. Oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n kéde ìṣòro méjì yẹn, ó sì kan àwọn pírósẹ́sọ̀ méjèèjì, torí wọ́n ti jáde kí wọ́n tó kéde ẹ̀. Àtúnṣe tó wọlé látara update mú kí àwọn iṣẹ́ kan falẹ̀ díẹ̀, pàápàá èyí tó ń ka disk léraléra. Bó ṣe kan ìkíní ló kan ìkejì, kò yí èsì ìfiwéra yìí padà. Ẹ má pa àtúnṣe yẹn torí pé ẹ fẹ́ kó yára.

Mo ti ní i7-7500U nílé. Ṣé kí n tà á kí n ra i5-8250U?

Tó bá ń ṣe iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi í ṣe, ẹ fi SSD sí i, ẹ gbé RAM ẹ̀ dé 8 GB, kẹ́ ẹ gbé Linux sí i tí ọ̀rọ̀ Windows bá ń dà yín láàmú. Tẹ́ ẹ bá sì ti pinnu pé ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, mi ò rò pé i5-8250U ló yẹ kẹ́ ẹ dúró lé. Ẹ fò ó, kẹ́ ẹ lọ wo ìran kọkànlá bíi i5-1135G7, core 4 náà ni, àmọ́ core ẹ̀ fúnra ẹ̀ lágbára jù, ó dé 4.2 GHz, gíráfíìsì ẹ̀ ju 620 lọ dáadáa, ó sì ń ka AV1. i5-8250U wà fún ẹni tó ń yan láàárín àlòkù méjì lónìí, kì í ṣe ẹni tó ti ní ọ̀kan lọ́wọ́.